Àgọ́ fífúyẹ́ fún òkè Ìdànrè: èwo ni kí o rà?

Àwọn tó ń ta àgọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pín in sí ti ìgbà mẹ́ta nínú ọdún àti ti ìgbà mẹ́rin, tó kan ìgbà òtútù náà. Ìlú tí òjò dídì ti ń rọ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ti ìgbà mẹ́rin nípọn, ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré, ó sì lè wọn kílò 3. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ má ra ìyẹn. Ooru á pa yín sínú rẹ̀.

Bí àgọ́ ṣe ń dúró ló ká mi lára jù. MSR Hubba Hubba ẹlẹ́ni méjì ní ọ̀pá tirẹ̀, ó ń dá dúró kí o tó kan èèkàn kankan. Ó tó nǹkan bíi kílò 1.5. Durston X-Mid ẹlẹ́ni méjì kò ní ọ̀pá: ọ̀pá tí o fi ń rìn lo máa fi gbé e ró, okùn àti èèkàn ló ń fà á le. Ìyẹn wọn bíi kílò 1 péré. Ẹni tó bá ti gbẹ́rù gun àtẹ̀gùn Ìdànrè, tó lé ní 600, mọ ohun tí ìdajì kílò jẹ́. Síbẹ̀, èyí tó ń dá dúró ni mo fara mọ́, nítorí àpáta ni orí òkè yẹn, èèkàn kì í wọ̀ ọ́. Mo gbé ti ọ̀pá ìrìn lọ rí. Òkúta tí mo máa so okùn mọ́ ni mo ń wá títí ilẹ̀ fi ṣú, okùn méjì sì tún tú lóru. Tó bá jẹ́ inú oko lápá Oǹdó lo fẹ́ sùn, ilẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, ra X-Mid.

Lákòókò òjò, aláṣọ méjì ni kí o rà: yàrá inú lọ́tọ̀, aṣọ òjò lóde. Èémí ẹni máa ń di omi lára aṣọ òde. Nínú aláṣọ kan, orí rẹ ló máa kán sí. Aṣọ náílọ̀n máa ń dẹ̀ bí omi bá rin ín, pọliẹ́sítà kì í fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀.

Lákòókò ọyẹ́, wá èyí tí aṣọ gidi bo ìsàlẹ̀ yàrá inú rẹ̀, kí nẹ́ẹ̀tì wà lókè: eruku á dínkù, òtútù ìdájí náà á dínkù. Nẹ́ẹ̀tì kò ṣeé yọ sílẹ̀ nígbà kankan, nítorí ẹ̀fọn.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo rí, tú u síta kí o tó sanwó, kí o fọwọ́ pa inú aṣọ òjò rẹ̀. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó sì ń rùn, ohun tí wọ́n fi kùn ún kí omi má baà wọlé ti bàjẹ́. Fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.