Rọ́bà tí a fi ń fa omi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nílé: bí a ṣe rí i lára ìyá mi

Jẹjẹrẹ ọmú ló kọ́kọ́ ṣe ìyá mi kí ó tó ràn dé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tó wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun jọ sáàárín wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi náà ní ọsibítù, ṣùgbọ́n kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò fi tún kún, tí Màmá yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí wọn kò ní lè dùbúlẹ̀, àfi kí wọ́n fara ti ìrọ̀rí mẹ́ta lórí àga di òwúrọ̀.

Dókítà ní a lè fi pàúdà talc lẹ awọ méjèèjì pọ̀, tàbí kí wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọn yóò máa gbé kiri. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2012, fi hàn pé méjèèjì ń mú kí èémí rọrùn bákan náà. Àwọn tó lo rọ́bà kò pẹ́ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n wàhálà kéékèèké tó bá wọn pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ó ti sú Màmá láti máa sùn ní ọsibítù, wọ́n sì yan rọ́bà.

Apá kan rẹ̀ gba abẹ́ awọ ara kọjá, ìyókù ká jọ sábẹ́ báńdéèjì. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ìgò rẹ̀ kúrò, nítorí náà bí nọ́ọ̀sì bá ti so wọ́n pọ̀, omi yóò máa ṣàn wá fúnra rẹ̀, ó pupa rúsúrúsú bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí. A kì í fà ju lítà kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ikọ́ máa ń gbé Màmá bí ó bá kù díẹ̀ kí ó tán. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀dọ̀fóró ló ń tún fẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́ títí, mò ń gbọ́ èémí wọn.

Àbùkù tí mo rí kò sí lára rọ́bà náà. Àwọn tó yẹ kí wọ́n máa kó ìgò wá fún wa jẹ́ kí ó tán mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà ọdún, ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá sì fi padà sórí àga. Rọ́bà yìí kò wo jẹjẹrẹ, kò sì gba ìdọ̀tí rárá: bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n, tí ó ń ṣe ọyún, tàbí tí ara gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí ìgò bá ti ku mẹ́rin, ẹ béèrè òmíràn.