Òtẹ́ẹ̀lì Àsanpọ̀ àbí Ilé Shortlet: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbé Ọmọ Kékeré Lọ Sinmi

Lẹ́yìn Ojúde Ọba tó kọjá, ìyá mẹ́ta ló bi mí ní ìbéèrè kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde: "Ìyá Ìbùkún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọmọ jáde rí, ṣé ká sanwó all-inclusive ni, àbí ká gba ilé, ká máa se oúnjẹ wa?" Mo ti ṣe méjèèjì. Ìbùkún jẹ́ ọmọ oṣù méjìlélógún nígbà tá a gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì àsanpọ̀ kan létí òkun ní Gámbíà. Ó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́ta nígbà tá a gba ilé shortlet, ilé tí wọ́n ń fi háyà fún ọjọ́ díẹ̀, ní Accra. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí owó ẹlòmíì má bàa ṣòfò bí tèmi.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bí yàrá ṣe tóbi tó tàbí iye ìràwọ̀ tí òtẹ́ẹ̀lì ní; ejẹ́ǹtì á ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. Full board, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ẹ ó dá owó ohun mímu san. Half board, oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ nìkan ni. All-inclusive ló kó oúnjẹ àti ohun mímu pọ̀ mọ́ owó yàrá, òun ni mò ń pè ní àsanpọ̀. Àwọn ejẹ́ǹtì kan máa ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní nǹkan kan náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Oúnjẹ ọmọ

Ibí ni owó mi ti lọ, ibẹ̀ náà ni mo ti máa pẹ́ jù.

Ní òtẹ́ẹ̀lì wa ní Gámbíà, aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣí ilé oúnjẹ lálẹ́. Mi ò béèrè kí n tó sanwó, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọmọ mi rèé, láti ìgbà tó ti já ọmú, aago mẹ́fà ló ń jẹun alẹ́, tó bá fi máa di méje ààbọ̀, ó ti sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo pọ̀n ọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gíláàsì wọn. À ń wo àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, tí wọ́n ń to ṣíbí. Ó rí búrẹ́dì nínú agbọ̀n kan, ó nawọ́ sí i láti ẹ̀yìn mi, ó ní "búẹ̀dì". Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tó sọ ọ́. Mo kan ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó kí mi dáadáa, ó ní àwọn ò tíì ṣí. Mo ní kó bá mi mú búrẹ́dì ẹyọ kan péré. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní ọ̀gá òun ò ní gbà. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ọmọ ti sùn lọ, omijé ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Èmi àti bàbá ẹ̀ wá jókòó ti ìrẹsì àti ẹja sísun, kò lọ lọ́nà ọ̀fun fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ó jí lóru, ebi ń pa á. Kò sí kẹ́tùlù nínú yàrá, kò sí fíríìjì. Mo tẹ ilé ìdáná láago, wọ́n ní àwọn lè gbé wàrà gbígbóná àti ẹyin wá, àmọ́ ohun tí wọ́n bá gbé wá sí yàrá kò sí nínú owó tá a ti san. Mo san án. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọjọ́ márùn-ún la lò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Ìbùkún jẹun alẹ́ nínú ilé oúnjẹ yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra tapalapa, búrẹ́dì gígùn wọn tó le lẹ́yìn, lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń bọ́ inú ẹ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Owó oúnjẹ tá a ti san nílé ò dín kọ́bọ̀, a tún ń ra oúnjẹ níta.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Oúnjẹ náà dára fún àgbàlagbà. Benachin wọn, tí ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ ní èdè Wolof jẹ́ "ìkòkò kan", mo ṣì ń rántí ẹ̀. Domoda náà, ọbẹ̀ ẹ̀pà, dùn. Àmọ́ tèmi ni mò ń jẹ, ti ọmọ ò sí níbẹ̀.

Ní Accra ńkọ́? Ilé náà ní sítóòfù gáàsì olójú mẹ́rin, fíríìjì, kẹ́tùlù, ìkòkò mẹ́ta. Mo di gàrí Ìjẹ̀bú kọ́ńgò méjì sínú báàgì, mo di ẹja gbígbẹ, mo fi ike dé epo pupa dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, a rí ewùrà lọ́jà, afaseɛ ni wọ́n ń pè é. Mo rin ín ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ata ò pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó máa fi di mẹ́fà, Ìbùkún ti jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó ń tú ẹja sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, bó ṣe máa ń ṣe nílé gan-an. Aago méje kọjá díẹ̀, ó ti sùn. Èmi àti bàbá ẹ̀ wá gbé àga jáde síta, a jẹun tiwa nínú atẹ́gùn.

Láàárọ̀, àwọn obìnrin ń ta koko àti koose lẹ́bàá títì. Koose, àkàrà ni. Koko sún mọ́ ògì wa, àmọ́ jéró ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì máa ń fi atalẹ̀ àti ata sí i. Ọmọ mi tu ti àkọ́kọ́ dànù, ẹ bu ògì gbígbẹ dání tí tiyín ò bá fẹ́ ata.

Tó bá jẹ́ àsanpọ̀ lọkàn yín ṣì fẹ́, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin yìí lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, kí èsì wà ní kíkọ: aago mélòó ni oúnjẹ alẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ṣé kẹ́tùlù àti fíríìjì wà ní yàrá, ṣé wọ́n máa gbà kẹ́ ẹ bu oúnjẹ ọmọ lọ sí yàrá, oúnjẹ tí wọ́n bá gbé wá sí yàrá, ta ló ń sanwó ẹ̀? Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n máa ń gbé oúnjẹ àwọn ọmọdé kalẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà. Irú ìyẹn lẹ ń wá. Èyí tí kò bá lè dá yín lóhùn lórí aago, ẹ fi í sílẹ̀.

Omi

Òtẹ́ẹ̀lì àsanpọ̀ ló borí níbi ìgbádùn omi. Òkun wà níwájú, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà láàárín. Àmọ́ ọmọdé kì í pariwo tó bá ń rì, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Ike tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tí wọ́n ń so mọ́ apá ọmọ, ohun ìṣeré ni, kì í ṣe ohun ààbò. Kí ọmọ tí kò tíì mọ̀wẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o nígbà gbogbo. Ní Gámbíà, ilẹ̀kùn yàrá wa ṣí sí ẹ̀gbẹ́ omi tààrà, kò sí ọgbà kankan láàárín. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan ni mò ń dìde wo kọ́kọ́rọ́. Ilé Accra kò ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ rárá. Ọjọ́ méjì la fi lọ sétí òkun, ẹsẹ̀ nìkan la kì bọ omi nítorí ìgbì ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn.

Àwọn yòókù

Ibi ìṣeré ọmọ tí òtẹ́ẹ̀lì ń polówó: ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ẹ béèrè.

Ọtí: owó ẹ̀ ti wà nínú àsanpọ̀. Àwa ò mutí, ọtí ẹlòmíì la bá san.

Owó ọkọ̀ òfurufú ò yàtọ̀, ì báà jẹ́ àsanpọ̀ lẹ mú tàbí shortlet. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, orí itan ló ń jókòó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà ni wọ́n sì sábà máa ń gbà. Tó bá pé ọdún méjì kẹ́ ẹ tó padà, ẹ máa nílò àga fún un nígbà àbọ̀. Ẹ ka ọjọ́ dáadáa.

Ìwé: Gámbíà àti Gánà, ECOWAS ni, kò sí físà fún wa títí di àádọ́rùn-ún ọjọ́, àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Yẹ́lò káàdì náà ńkọ́? Láti oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ ti ń gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ sì ni káàdì ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má gbà á ní ọjọ́ tó ku ọ̀la. Tó bá jẹ́ òbí kan ló ń gbé ọmọ lọ, kí èkejì fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda.

Ẹni tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú lè gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ já sí etí òkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, kò ní fojú kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bẹ́ágà rárá. Ilé shortlet àti òtẹ́ẹ̀lì àsanpọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìbéèrè mẹ́rin yẹn náà ni.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo sí àsanpọ̀. Ìyá tó ń dáná níbi ìsinmi, apá kan lára ẹ̀ ò tíì sinmi. Ní Accra, bàbá Ìbùkún ló ń fọ gbogbo abọ́, òun ló sì ń lọ ọjà láàárọ̀. A ti jọ sọ ọ́ kí á tó kúrò nílé. Bí bàbá ilé tiyín ò bá ní gbà, tàbí tẹ́ ẹ bá ti dáná fún ilé ńlá látọdún dé ọdún, tẹ́ ẹ fẹ́ kí ẹlòmíì gbé oúnjẹ síwájú yín fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ àsanpọ̀, ó tọ́ sí yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ọmọ bá ti tó ọdún márùn-ún, tó lè dúró de aago méje ààbọ̀, tó ń jẹ ohunkóhun.

Shortlet náà ní tirẹ̀: wọ́n máa gba owó ìdúró tí wọ́n á dá padà, gáàsì lè tán, ẹ ó sì san takisí síbi gbogbo. Ẹ ya fọ́tò ilé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé.

Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, tó ní aago oorun tirẹ̀ àti oúnjẹ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná wà lọ́wọ́ yín.

Kérésì tó ń bọ̀, ilé Accra náà la tún sanwó fún. Àbúrò Ìbùkún á pé oṣù mẹ́sàn-án lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn náà la máa gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Mo ti bá onílé sọ̀rọ̀, ó ní òun ti pààrọ̀ sítóòfù, òun á sì bá wa wá àga ọmọdé kan tó ga tó tábìlì.