Hítà oníná fún ọyẹ́ Èfọ̀n: ẹ wo iná ilé yín kẹ́ ẹ tó bú u

Ẹni tó bá mọ Èfọ̀n-Aláayè á mọ̀ pé tí ọyẹ́ bá ti dé, òtútù àárín òkè yẹn kì í ṣe eré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra hítà oníná, èyí tó ní fáànù nínú, 2000 wọ́ọ̀tì, fún yàrá màmá mi torí orúnkún tó máa ń ro wọ́n. A tàn án, atẹ́gùn tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń fẹ́ jáde, màmá ní ṣé fáànù ni mo rà fáwọn nínú ọyẹ́ ni.

Ẹni tó tà á fún mi l'Adó kò bèèrè nǹkan kan, ó ní kí n ṣáà lọ ra sitabiláísà. Ẹlẹ́tíríṣíàn àdúgbò ló wá ki mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, 160 fóòtì ló rí níbi tó yẹ kó ti rí 230. "Ẹ̀gbọ́n, háàfù kọ́rẹ́ǹtì lẹ̀ ń lò, kò sí nǹkan tó ṣe hítà yín." Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé ooru ẹ̀ á kàn dín díẹ̀, tí fóòtì bá wálẹ̀ tó báyẹn agbára hítà á já sí ìdajì, 2000 yẹn ò ní pé 1000 mọ́, fáànù ẹ̀ náà á sì máa wọ́lẹ̀. Sitabiláísà kékeré tá a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé e, á kàn máa ké ṣáá ni, tí ò bá jóná.

Tí tiyín ò bá tiẹ̀ tàn rárá, ẹ yí i dé, bọ́tìnnì kékeré kan wà nídìí ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wọlé tó bá dúró, rọ́ọ̀gì tó nípọn kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa. Tó bá ń tàn tó tún ń kú, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, eruku ọyẹ́ á ti di nẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ pa, ẹ yọ ọ́ nínú iná, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n. Fèrèsé lúfà náà, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé gíláàsì ẹ̀ kì í pàdé, kọ́tìnnì tó wúwo la fi dí tiwa. (Àwọn tó ń gbé èédú wọ yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ yé ṣe é, èéfín tí ò ní òórùn ló ń pààyàn.)

Tó bá di ọ̀gànjọ́ táwọn èèyàn ti sùn, fóòtì á gòkè, ìgbà yẹn lẹ máa tó mọ̀ pé hítà gidi ni, màmá á ju bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ wákàtí 1, yúnítì 2 ti lọ nìyẹn, nítorí náà wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó pa á.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Wáyà ẹ̀ ló kúrú jù, ẹsitẹ́nṣọ̀n tín-ín-rín tá a kọ́kọ́ fi fà á gbóná débi pé ó ń rùn, sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ló yẹ kẹ́ ẹ ki wáyà ẹ̀ bọ̀ tààrà.