Dọ́ọ̀gì fúùdù oní-probiotic, ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì, àbí yọ́gọ́ọ̀tì: èwo ni kí ẹ rà fún ajá tí inú ẹ̀ ò dúró?

Lọ́dún tó kọjá, omi tí mo fi fọ ẹ̀yìnkùlé wa láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bí mo bá fi mọ búlọ́ọ̀kù ni, á kọ́ yàrá kan. Ajá mi ló fà á. Tanímọ̀la lorúkọ ẹ̀, ará ilé kejì ṣì gbà pé òun ni mo fi orúkọ yẹn bá wí, mi ò sì tíì sọ fún un pé òun kọ́. Ìgbẹ́ gbuuru láàárọ̀, ìgbẹ́ gbuuru lálẹ́, gbogbo ẹni tí mo bá fọ̀rọ̀ lọ̀ ló ń sọ pé "fún un ní probiotic", bẹ́ẹ̀ probiotic yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà dé abọ́ ajá níbí: èyí tí wọ́n ti pò mọ́ dọ́ọ̀gì fúùdù, èyí tó wà ní ìyẹ̀fun nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, àti yọ́gọ́ọ̀tì tàbí omidùn tí oníkálukú ń bù lé oúnjẹ. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan jẹ owó mi gbé, ẹ óò mọ èyí tó jẹ́ láìpẹ́.

Nǹkan kan ká tó bẹ̀rẹ̀. Probiotic ni kòkòrò rere tín-ín-tín tí ojú ò lè rí, tó ṣì wà láàyè, tó ń ran ìfun lọ́wọ́. Prebiotic ni oúnjẹ tí àwọn kòkòrò yẹn ń jẹ, irú bíi inulin tí wọ́n ń yọ lára gbòǹgbò chicory. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, àwọn tó ń tẹ àpò sì mọ̀ pé ẹ ò ní wò ó dáadáa. Ẹ wò ó dáadáa.

Ṣé ó ṣì wà láàyè?

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Dọ́ọ̀gì fúùdù gbígbẹ, inú ẹ̀rọ tó gbóná ju 100°C lọ ni wọ́n ti ń sè é tí wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sí Lactobacillus, ìyẹn irú kòkòrò rere tó wà nínú yọ́gọ́ọ̀tì, tó máa gba ibẹ̀ kọjá láàyè. Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń fọ́n kòkòrò náà mọ́ ọn lára pẹ̀lú ọ̀rá lẹ́yìn tó bá ti tutù, tàbí kí wọ́n lo irú Bacillus coagulans tó máa ń wọ inú èèpo líle kan tí ooru ò tètè ràn. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára àpò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ẹ̀: lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí kan ní Kánádà yẹ oúnjẹ ajá àti ológbò 19 wò, gbogbo wọn ló pe ara wọn ní oní-probiotic, kò sí ẹyọ kan tó ní gbogbo kòkòrò tí wọ́n kọ sí i lára, márùn-ún nínú wọn ò tiẹ̀ ní kòkòrò rere gidi kankan tó hù nígbà tí wọ́n gbìn ín wò. Àpò tí wọ́n lẹ̀ pa dáadáa láti iléeṣẹ́ nìyẹn o.

Tèmi wá ńkọ́? Kóńgò ni mo fi ń rà á. Àpò 15kg ti wọ́n jù fún mi lóṣù yẹn, bọ̀dá kan tó ń ta nǹkan ajá nítòsí wa sì ti tú tiẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wọ̀n ọ́n sínú náílọ́ọ̀nù fún ẹni tó bá fẹ́ díẹ̀. "Ọ̀gá mi, probiotic ni gbogbo ẹ̀ yìí o, òyìnbó pọ́ńbélé." Mo ka ara àpò, lóòótọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ohun tí mi ò rò ni pé àpò yẹn ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láti ìgbà wo, abẹ́ páànù, oòrùn ọ̀sán, ọwọ́ gbogbo ayé nínú ẹ̀. Mo rà á lẹ́ẹ̀kan, inú ajá bàjẹ́. Mo ní bóyá ara ẹ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n ni, mo tún rà á. Ẹ ẹ̀ rí i pé èmi fúnra mi náà lọ́wọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, wọ́n yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò, wọn ò rí aràn, dókítà wá ní kí n lọ mú oúnjẹ tó ń jẹ wá. Obìnrin náà ò wo ara nǹkan kan, ó kàn gbé náílọ́ọ̀nù sí imú. Ó ní kí èmi náà gbóòórùn ẹ̀. Bí ẹ bá mọ òórùn ẹ̀gúsí ọdún tó kọjá, òun gan-an ni. Ọ̀rá tí wọ́n fọ́n mọ́ ọn lára ti bàjẹ́, kòkòrò rere wo ló wá kù nínú ẹ̀? Owó àyẹ̀wò, owó oògùn, owó mọ́tò, tí mo bá ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó ra àpò odindi kan, ṣéńjì á tún kù.

Sáṣẹ́ẹ̀tì ṣe dáa ju ìyẹn lọ níbi kan ṣoṣo, ibi náà ló sì ká mi lára: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló wà lábẹ́ ìdè tiẹ̀. Èyí tí ẹ ya lónìí ni ajá máa jẹ lónìí, ìyókù ṣì wà ní pípadé. FortiFlora ti Purina ni dókítà fún mi, 1g ni sáṣẹ́ẹ̀tì kan, 30 ló wà nínú páálí, Enterococcus faecium tí wọ́n ń pè ní SF68 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì kọ iye tó kéré jù síbẹ̀, ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù nínú gíráàmù kan. Ẹyọ kan lójúmọ́, lórí oúnjẹ. Àmọ́ ẹ má ṣe bíi ti àbúrò mi tó da tiẹ̀ sórí ìrẹsì tó ṣì ń rú èéfín fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, tó wá ń pè mí pé "Ẹ̀gbọ́n, oògùn yín yìí ò ṣiṣẹ́ o." Ó ti sè é jinná ni.

Kí n sòótọ́, mo pààrọ̀ oúnjẹ Tanímọ̀la sí àpò tí wọn ò tíì tú, díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ méje, lásìkò kan náà tí mo bẹ̀rẹ̀ sáṣẹ́ẹ̀tì. Ìgbẹ́ ẹ̀ dì lọ́jọ́ kẹrin. Èwo nínú méjèèjì ló ṣe é, mi ò lè búra. Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ajá ló tiẹ̀ máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Yọ́gọ́ọ̀tì àti omidùn

Òun ló dínwó jù. Kò sì burú, tó bá jẹ́ èyí tí kò ní ṣúgà, ṣíbí kan sí méjì, àwọn ajá kan sì wà tí wàrà máa ń da inú wọn rú. Tí ẹ bá rí xylitol, ìyẹn nǹkan tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, lára ike ẹ̀, ẹ gbé e padà kíákíá, májèlé ni fún ajá. Omidùn, ìyẹn omi orí ògì, àwọn ìyá wa ò purọ́, irú Lactobacillus wà níbẹ̀ lóòótọ́ kí wọ́n tó se ògì náà di ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ti ìyá ológì tòní àti tọ̀la ò lè rí bákan náà, ẹ ò sì mọ omi tí wọ́n fi sẹ́ ẹ.

Àwọn ìyókù

Owó: omidùn, lẹ́yìn náà àpò, sáṣẹ́ẹ̀tì ló gbówó lórí jù, bí dọ́là bá sì ti ń gòkè ni òun náà ń gòkè.

Adùn: sáṣẹ́ẹ̀tì. Tanímọ̀la ń sáré wá tó bá ti gbọ́ pé mò ń ya á.

Ìrọ̀rùn: àpò.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ajá bá ń bì, pàápàá ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má ra ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó lè jẹ́ parvo, àrùn tó máa ń pa ọmọ ajá. Ẹ sì dákun, ẹ yé fún ajá ní Flagyl láti inú dúrọ́ọ̀ yín, kòkòrò rere tí ẹ ń wá owó ẹ̀ kiri yẹn ló máa ń dà rú.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan o. Ẹni tó ní ajá mẹ́ta mẹ́rin, tó lè ra odindi àpò kó sì tán láàárín oṣù kan, kó ra oní-probiotic, kó wá èyí tí wọ́n kọ Bacillus sí lára, kó sì fi í sínú àpò ẹ̀, kó de ẹnu ẹ̀ pa níbi tí oòrùn ò ti ní rí i. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tẹ nǹkan kan, tí inú ajá ẹ̀ kàn rú díẹ̀, yọ́gọ́ọ̀tì ò burú. Ẹni tó ní ajá kan bíi tèmi, kó ra dọ́ọ̀gì fúùdù lásán tó dáa, tí wọn ò tíì tú, kó fi owó tó bá kù ra sáṣẹ́ẹ̀tì pa mọ́ sílé de ìgbà tí inú ajá bá rú, kó wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kó tó sanwó.

Bọ̀dá yẹn ṣì ń kí mi tí mo bá ń kọjá. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ni mo ṣì ti ń ra ẹ̀wọ̀n àti bẹ́líìtì ọrùn, torí ìyẹn ò ní nǹkan tó máa kú nínú ẹ̀.