Ẹ ṣọ́ra fún ìwé B.C. «tí Johnny Hart buwọ́ lù»

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà tí ẹ máa ń ra ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ àtijọ́, ẹ dákun, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó fún àkójọ B.C., àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, tí wọ́n bá ní Johnny Hart, ẹni tó dá a sílẹ̀, ló buwọ́ lù ú. Gbájúẹ̀ ti gba dọ́là 180 lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀.

Ọmọ wa ni. Yorùbá ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀: «Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ojúlówó ni.» Ohùn yẹn ni mo gbà gbọ́. Ó ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ bí ẹni ń fún ẹbí lówó, kí n má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà ni mo rà. Ibẹ̀ ni owó mi há sí, torí wọn kì í gba owó ẹ̀bùn padà fúnni.

Bàbá mi ni mo rà á fún. Nígbà tí wọ́n ń kàwé ní New York, wọ́n máa ń gé B.C. kúrò nínú ìwé ìròyìn: Thor lórí kẹ̀kẹ́ olókùúta rẹ̀, Wiley ẹlẹ́sẹ̀ igi tó ń kọ ewì, àwọn èèrà tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ará inú ihò àpáta ni Hart ń yà, ìwà àwa tòde òní ló ń fi bá wí. Bàbá ṣì ń ròyìn ẹ̀ dòní.

Ìwé dé. Mo ṣí i, mo rí ìbuwọ́lùwé pẹ̀lú bíìrò, wọ́n kọ 2009 sábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2007 ni Hart kú, nídìí tábìlì tó ti ń ya àwòrán! Mason Mastroianni, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ayédèrú ò ní wá àpẹẹrẹ jìnnà, torí Hart máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú àwòrán fúnra rẹ̀.

Ó tún ní àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni, ti bí ọdún 1965. Sítíkà funfun kan bo iye owó tó wà lára èèpo ìwé. Mo fi aṣọ tútù rọ̀ ọ́ títí ó fi ṣí: dọ́là kan àti sẹ́ńtì 50. Sẹ́ńtì lásán ni wọ́n ń ta irú ìwé Gold Medal bẹ́ẹ̀, ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ ti ilé ìtẹ̀wé Fawcett, nígbà yẹn. Wọ́n tún wọn tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, owó sì ń gòkè.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, níbi tí wọ́n ń kọ ọdún àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kó kọ orúkọ yín sórí bébà kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Bó bá ń yẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Látìgbà tí mo ti béèrè ọ̀rọ̀ 2009, nọ́ńbà mi ò wọlé sórí fóònù rẹ̀ mọ́. Àná ló tún gbé òmíràn jáde. Fọ́tò tó fi hàn mí náà ni, àbààwọ́n kọfí wà ní igun ìwé náà lápá ọ̀tún. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi ò ní àbààwọ́n kankan.