Windows lórí Mac M1: Parallels, Fusion àbí UTM, èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé?

Àbúrò mi obìnrin ra MacBook Air M1 tòkunbọ̀, 8 GB RAM, 256 GB, ó mọ́ tónítóní, bátìrì ẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ orúkọ NEPA rí. Ọjọ́ kẹta ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí Access nínú nǹkan yìí o." Mo ní báwo lo ṣe fẹ́ rí i, Microsoft ò ṣe Access, sọ́fítíwíà wọn tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, fún Mac rí, Windows nìkan ló wà fún, bẹ́ẹ̀ gbogbo àkọsílẹ̀ ọjà tó ń bá ọ̀gá ẹ̀ tọ́jú, inú Access ló wà. Ohun tójú wa rí lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tówó ṣì wà lápò yín.

Tẹ́lẹ̀ kò sí wàhálà. Látọdún 2006 ni Apple ti ní Boot Camp, tẹ́ ẹ bá ń tan Mac oní-Intel, ẹ lè ní Windows lẹ fẹ́ lò lónìí, ó parí. Ìgbà tí M1 dé ní November 2020 ni Boot Camp kógbá wọlé, torí chip M1 kì í ṣe irú ti Intel mọ́, ARM ni, irú èyí tó wà nínú fóònù. Windows oní-ARM náà wà lóòótọ́, Microsoft ló ṣe é, àmọ́ Mac ò sí lára ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é fún. VM ló wá kù, virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà: sọ́fítíwíà kan á ṣe bíi kọ̀ǹpútà odindi, Windows á wọnú ẹ̀ jókòó, á rò pé ilé òun lòun wà. Kódà TPM 2.0, ohun ààbò tí Windows 11 máa ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà, tí kò sí nínú Mac, VM á ṣe àfarawé ẹ̀ fún un, òun náà á sì gbà. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo Mac oní-Intel, Boot Camp tiyín ò gbà ju Windows 10 lọ, Microsoft sì ti dáwọ́ dúró lórí ìyẹn ní October 14, 2025, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.)

Nínú àwọn sọ́fítíwíà VM, Parallels Desktop lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, òun ló sì dáa jù, mi ò ní tàn yín. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, òun fúnra ẹ̀ á lọ gbé Windows 11 wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi 5 GB ni, ẹ má fi dátà alẹ́ ṣeré, kẹ́ ẹ tó jẹun tán ó ti wọlé. Ní February 2023 Microsoft fúnra wọn fọwọ́ sí i pé kéèyàn máa lo Windows 11 Pro àti Enterprise ti ARM nínú ẹ̀ lórí M1 àti M2. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni Coherence: Windows á sá pamọ́, Access nìkan lẹ máa rí lórí súkíríìnì Mac bíi ápù yòókù. Àbúrò mi pariwo nígbà tó rí i. Ó wá rí iye tí wọ́n ń tà á, ó dákẹ́.

Standard fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $100, Pro bíi $120, lọ́dún o, ẹ kà á dáadáa. Tẹ́ ẹ ò bá san tọdún tó ń bọ̀, Windows yín á wà níbẹ̀ gbọnin àmọ́ ẹ ò ní lè ṣí i. Èyí tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà wà, bíi $220, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ bá ti rà á ló máa dúró sí, tí Apple bá gbé macOS tuntun jáde tí kò bá a mu mọ́, ẹ ó tún padà wá sanwó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ gan-an ni pé lísẹ́ńsì Windows ò sí nínú gbogbo owó yìí. Ọ̀tọ̀ lẹ máa rà á. Tẹ́ ẹ ò bá tíì rà á á máa ṣiṣẹ́, àmọ́ "Activate Windows" á máa wò yín láti igun ìsàlẹ̀, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ pààrọ̀ àwòrán ẹ̀yìn. Ti àwọn tó ń ta kọ́dù Windows ní owó gúgúrú lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ 14 ni Parallels fi ń jẹ́ kéèyàn dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lò ó tán pátápátá kẹ́ ẹ tó mú káàdì jáde.

VMware Fusion ńkọ́? Owó ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Broadcom wá ra VMware ní November 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé owó ẹ̀ á gun òkè, ó sì gun fáwọn iléeṣẹ́ ńlá lóòótọ́, àmọ́ fún àwa mẹ̀kúnnù òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: ní May 2024 Fusion Pro di ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń lò ó fún ara ẹ̀, nígbà tó di November ọdún yẹn kan náà ó di ọ̀fẹ́ fún tajá tẹran, iṣẹ́ ajé pẹ̀lú. Ẹ máa ṣí account lọ́dọ̀ Broadcom kẹ́ ẹ tó lè gbà á, fọ́ọ̀mù lẹ̀ẹ́ kọ, ẹ fara balẹ̀. Tó bá ti wọlé, òun náà lè bá yín gbé Windows wá fúnra ẹ̀. Kò ní Coherence lórí M1, inú fèrèsé tiẹ̀ ni Windows máa jókòó sí. Fún Access, Excel, ìwé owó, kí lẹ tún fẹ́? Mo gbé òun àti Parallels sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fáìlì kan náà, ojú tèmi ò rí ìyàtọ̀ tó tó $100.

UTM ni tàwọn tó fẹ́ràn àtitú nǹkan. Ọ̀fẹ́ ni lórí sáìtì wọn, tẹ́ ẹ bá rí i ní $9.99 lórí App Store, nǹkan kan náà ni, ẹ kàn ń fi ìyẹn ki àwọn tó ṣe é ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ gba ISO Windows 11 ARM, fáìlì tí wọ́n fi ń gbé Windows wọ ẹ̀rọ (Microsoft ti gbé e síta láti November 2024), lẹ́yìn náà ẹ fi guest tools, àwọn ètò kéékèèké tó ń jẹ́ kí Windows bá VM ṣiṣẹ́, sí i, torí kẹ́ ẹ tó ṣe é, íntánẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé, súkíríìnì á sì rí fínńfín. UTM ò mọ bí wọ́n ṣe ń yá Windows ní GPU, ibi tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán nínú chip, ìyẹn ni pé fídíò á máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Àmọ́ ohun kan wà tó mú kí n má lè pa á rẹ́: ó lè fara wé Intel gan-an. Windows XP mi wà níbẹ̀ títí dòní, nítorí ètò ìṣirò owó kan tí bàbá ọ̀rẹ́ mi kọ̀ tí kò fi sílẹ̀, ó sì ń rìn. Ẹ má wá dán Windows 10 tàbí 11 oní-Intel wò lọ́nà yẹn, ìgbín á yára jù ú lọ. Parallels náà ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní January 2025, àwọn fúnra wọn ló sì sọ pé Windows lè lo ìṣẹ́jú 2 sí 7 kó tó tan.

VirtualBox ti Oracle, ọ̀fẹ́ lòun náà, àmọ́ 7.2 tó jáde ní August 2025 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Windows 11 ARM lórí Mac. Ẹ jẹ́ kó dàgbà ná.

Ó yá, ohun tí ò sẹ́ni tó sọ fún àbúrò mi nígbà tó ń rà á: RAM. Windows 11 ò gbà kó kéré sí 4 GB. Ẹ yọ 4 nínú 8, kí ló kù fún Mac àti Chrome oní-táàbù mẹ́tàdínlógún? Gbogbo ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ì báà jẹ́ Parallels olówó ńlá, torí kò sí sọ́fítíwíà tó ń bí RAM. Ara chip ni RAM M1 wà, kò sí ọ̀gá kankan ní Computer Village tó máa bá yín fi kún un. Tẹ́ ò bá tíì ra láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ gbé owó Parallels ọdún méjì mẹ́ta, ẹ fi kún tàpò yín, ẹ lọ ra oní-16 GB, kẹ́ ẹ lo Fusion lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀. Ààyè náà: 64 GB ni Windows 11 ń béèrè, fáìlì VM kì í gba gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń wú, àmọ́ lórí 256 GB ó máa dùn yín lọ́jọ́ iwájú. Ẹ lè gbé e sórí SSD ìta. Kì í ṣe flash o.

Dírífà wá ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows bá pìríǹtà àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ètò Windows lásán tí wọ́n kọ fún Intel, Windows ARM á túmọ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́. Dírífà kì í gbọ́ ìtumọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ARM64. Ọ̀rẹ́ mi kan san Parallels ọdún kan gbáko kó tó mọ̀ pé pìríǹtà rìsíìtì tó torí ẹ̀ san án, Intel nìkan ni dírífà ẹ̀ mọ̀. Ó dà bíi kéèyàn ra bàtà tán kó tó wọn ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka, dongle (kọ́kọ́rọ́ USB tí sọ́fítíwíà kan ń béèrè), pìríǹtà, ẹ pe ẹni tó tà á fún yín, ẹ bi í léèrè: "Ṣé ó ní dírífà ARM64?" Tó bá ń kólòlò, ẹ mọ̀ pé kò sí. Ẹ̀yin onígéèmù, DirectX 12, ohun èlò Microsoft tí ọ̀pọ̀ géèmù tuntun ń lò, ò sí nínú Parallels àti Fusion, Valorant ò sì ní ṣí nínú VM kankan. Ẹ lọ ra PC.

Àbúrò mi? Fusion ló ń lò. Ó fún Windows ní 4 GB, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa Chrome kó tó ṣí Access. Ó ti ń wá oní-16 GB, nítorí náà ẹni tí kò bá ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Windows, M1 kan wà nílẹ̀, bátìrì ẹ̀ ṣì dáa.