Ọdún Mẹ́fà Lórí LinkedIn: Ìràwọ̀ Mẹ́ta Ni Màá Fún Un

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, mi ò bá LinkedIn, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń polówó iṣẹ́ wọn tí wọ́n sì ti ń wáṣẹ́, jà o. Iṣẹ́ tí mò ń jẹun nídìí ẹ̀ lónìí, orí ẹ̀ ni mo ti rí i. Àmọ́ àwọn àbúrò mi méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC, wọ́n ń bi mí pé bùròdá, ṣé ká ṣí i, ṣé ó wúlò, ṣé ká sanwó Premium, ìyẹn LinkedIn olówó, mo ṣe voice note títí ẹnu fi ń ro mí, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí ẹlòmíì náà rí i kà.

Akáńtáǹtì ni mí, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dórí LinkedIn, ibi iṣẹ́ mi àtijọ́ ni mo ṣì wà, alẹ́ Sunday kan báyìí, mo jókòó tún prófáìlì mi ṣe. Mo fi ICAN, ìdánwò àwa akáńtáǹtì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege, sí i, mo yí fọ́tò padà, mo wọ tai pupa tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò wá iṣẹ́ kankan o, ara ló kàn ń yá mi. Monday, aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí màdáàmù HR, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fi pè mí. Màdáàmù ò ní kí n jókòó, wọ́n kàn yí fóònù wọn sí mi, èmi náà nìyẹn tòun ti tai. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ fi wá sílẹ̀ ni?" Mo ní rárá mà. Wọ́n ní, "Ta lo wá ń kun àtíkè fún?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń wò mí bí ẹni tó ti di ẹrù sílẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ibì kan wà nínú settings téèyàn ti lè ní kó má máa kéde fún gbogbo ayé nígbà téèyàn bá yí nǹkan padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí i, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kẹ́ ẹ tó fi fọ́tò kankan síbẹ̀. Ti Open to Work náà, àmì téèyàn fi ń sọ pé òun ń wáṣẹ́, ọ̀nà méjì ni: ti aláwọ̀ ewé tó máa ń yí fọ́tò ká, gbogbo ayé ló ń rí i, èkejì, àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ nìkan ló wà fún, wọ́n sì ń gbìyànjú láti fi pa mọ́ fún iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ wà, àmọ́ LinkedIn fúnra wọn sọ pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé ta gan-an ni kọ́sítọ́mà kiní yìí. Àwa ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń kó owó gidi sílẹ̀ ni iléeṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ àtàwọn tó ń polówó ọjà. Nígbà tí Microsoft rà á lọ́dún 2016, bílíọ̀nù 26.2 dọ́là ni wọ́n kó lé e, ẹ má sọ fún mi pé tìtorí áàpù nìkan ni. Àwa lọjà. Ibi tá a ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tá a mọ̀, ìwé tá a kà, ọwọ́ ara wa la fi pa á lórí àtẹ.

Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni ti iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, hiQ Labs lorúkọ wọn. Ṣe ni wọ́n ń kó prófáìlì tó wà ní gbangba lórí LinkedIn, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbọ̀n ọ́n yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, wọ́n á wá tà á fáwọn ọ̀gá pé ẹ wo òṣìṣẹ́ yín yìí, ó jọ pé ó máa tó lọ. Ẹ gbọ́ o! Ohun tí màdáàmù fi ojú lásán ṣe fún mi, wọ́n ti sọ ọ́ di ọjà. LinkedIn ní kí wọ́n jáwọ́ lọ́dún 2017, wọ́n gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́, ó di 2022 kí wọ́n tó parí ẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn dé ìdí, iléeṣẹ́ méjì ló ń fà á pé ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ìtàn iṣẹ́ wa, àwa tá a ni ìtàn ò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí lọ́dún 2024 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tá à ń kọ kọ́ AI, wọ́n ti bá wa tẹ bẹ́ẹ̀ ni sílẹ̀, àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n kọ́kọ́ yọ sílẹ̀, ti Britain tẹ̀ lé e. Ẹ lọ pa á nínú settings, abẹ́ data privacy ló wà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ oore tó ṣe mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ yìí, tó ò bá mọ èèyàn, wọ́n lè gba CV lọ́wọ́ ẹ kí wọ́n fi pọ́n àkàrà. Èmi ò mọ ẹnì kankan. Mo kàn lọ sí training ọlọ́jọ́ kan n'Ìbàdàn, mo jókòó ti àǹtí kan, a jọ pín meat pie nítorí pé kò kárí, a fi ara wa sórí LinkedIn, ó tán. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àǹtí yẹn fi músẹ́jì ránṣẹ́ pé àyè kan ṣí lọ́dọ̀ àwọn, ṣé mo ṣì wà nídìí account. Bí mo ṣe débi tí mo wà nìyẹn. Àwọn onímọ̀ kan gbé irú ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2022, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20 ni wọ́n fi wò ó lórí LinkedIn fún ọdún márùn-ún, wọ́n ní ojúlùmọ̀ lásán máa ń jẹ́ kéèyàn ríṣẹ́ ju ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ náà ń wáṣẹ́ ni. Àmọ́ ṣe ni wọ́n ń yí orúkọ àwọn tí LinkedIn ń gbé wá síwájú èèyàn pé ó ṣeé ṣe kó mọ̀ padà fún ìdánwò yẹn, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, mi ò rò pé ẹnì kan bi í léèrè.

Ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ ńkọ́? Háà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ bí ìyàwó tuntun lójú àna. Wọ́n lé ẹnì kan níṣẹ́, ó kọ ewì ìdúpẹ́ fún ọ̀gá tó lé e, torí ọ̀gá tó ń bọ̀ ń kà á. Mi ò bú u, èmi náà ti kọ irú ẹ̀ rí. Ẹni tó ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń yọ pension tí kì í fi ránṣẹ́, ẹ ò lè rí i kà níbẹ̀, WhatsApp àwa tá a jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìyẹn. LinkedIn fúnra wọn, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n san bíi mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là fún òṣìṣẹ́ wọn 359 lọ́dún 2014 nítorí overtime tí wọn ò kọ sílẹ̀. Ẹ ò rí i!

Premium, ẹ má sanwó. Oṣù kan ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa fi fà yín, wọ́n á gba káàdì yín sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbàgbé ó parí. Ẹni tó bá wọ kóòtù nínú fọ́tò tó ní iṣẹ́ Dubai wà, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san ₦25,000 fún fọ́ọ̀mù, ẹ block ẹ̀, ẹ má tiẹ̀ fèsì, mo fèsì lọ́jọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń pè mí.

Ìràwọ̀ mẹ́ta. Kan ni fún àǹtí Ìbàdàn, méjì tó kù fún pátákó ọ̀fẹ́ tó ń bá mi polówó ara mi nígbà tí mo bá ń sùn.

Oṣù tó kọjá ni mo rí i tí màdáàmù HR yẹn fi connection ránṣẹ́ sí mi. Aláwọ̀ ewé yí fọ́tò wọn ká rogodo, lipstick tuntun, Open to Work. Mo gbà á, mo ní kí wọ́n fi CV wọn ránṣẹ́ kí n bá wọn fún HR tiwa. Mo kọ "ẹ kú àtíkè mà" sídìí ẹ̀, mo wò ó fúngbà díẹ̀, mo pa á rẹ́.